Ara Pákó, Aṣọ Pákó: Bí A Ṣe Ń Yan Ilẹ̀kùn, Kọ́bọ́ọ̀dù àti Ọ̀dà Nígbà Tí A Bá Ń Tún Ilé Ṣe

Ilẹ̀kùn méjì kan wà nílé wa ní Òkè-Fìà, Òṣogbo. Ọ̀kan wà lẹ́nu yàrá bàbá wa. Ìrókò ni, wọ́n ti gbé e síbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Èkejì wà lẹ́nu ilé ìdáná, èmi ni mo sì rà á nígbà tí a kọ́kọ́ tún ilé náà ṣe. Ti bàbá ṣì ń ṣí, ó sì ń tì. Tèmi kò rí òjò ọdún kejì kọjá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ wú, awọ ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, nígbà tí mo sì fi ìka tẹ ibi tó wú, ó rọ̀ múlọ́múlọ́ bí búrẹ́dì tó ti rì sínú tíì.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo béèrè kí n tó sanwó. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé igi ni?" Ẹni tó ń tà á dáhùn pé igi ni. Igi náà ni lóòótọ́, àmọ́ igi tí wọ́n ti lọ̀ kúnná ni, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò, tí wọ́n sì fún pọ̀ títí ó fi di pẹlẹbẹ. Ohun kan ni mo ń béèrè, ohun mìíràn ni òun ń dáhùn, ọ̀rọ̀ kan náà la sì jọ ń lò. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn káfíńtà, àwọn onípákó àti àwọn tó ń kun ilé ní ìbéèrè, tí mo sì ń fi ọwọ́ ara mi dán nǹkan wò. Àwọn ará àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá bi mí kí wọ́n tó lọ sọ́jà, ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Gbogbo ilẹ̀kùn àti gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù ló ní ara, wọ́n sì ní aṣọ. Ara ni ohun tí wọ́n fi ṣe é nínú. Aṣọ ni ohun tí wọ́n fi bò ó lójú: ọ̀dà, fánííṣì, fọ́míkà, tàbí rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ya ìlà igi sí lára. Ohun kẹta tún wà tí a kì í sábà wò, etí ni. Etí ni ibi tí ayùn gbà kọjá, níbi tí ara ti yọ síta bí aṣọ kò bá dé ibẹ̀. Omi kì í sábà gba ojú pákó wọlé, etí ló ń gbà.

Bí oníṣòwò bá wá pe orúkọ ọjà rẹ̀ fún yín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ara ló ń sọ ni tàbí aṣọ. "High gloss" tí wọ́n ń pariwo kiri, aṣọ ni. Ó lè wà lórí pákó tó dára, ó sì lè wà lórí pákó tí kò ní rí ọdún méjì. "MDF", ìyẹn bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi ṣe, ara ni. "Mahogany" lè jẹ́ ara, ìyẹn igi ọ̀gànwó fúnra rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ àwọ̀ pupa rúsúrúsú lásán tí wọ́n kùn sórí nǹkan mìíràn. Ilẹ̀kùn "Turkey" ní tirẹ̀, orúkọ ọjà ni fún irú ilẹ̀kùn irin kan tí wọ́n fi pákó tẹ́ lójú kó lè gbayì. Orúkọ náà kò sọ bí irin inú rẹ̀ ṣe nípọn tó, kò sì fi dandan sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é.

Ara tó jẹ́ ògidì igi

Bí ẹ bá fẹ́ ògidì igi, orúkọ igi ṣe pàtàkì ju àwọ̀ rẹ̀ lọ. Ìrókò, apá àti tíìkì ní oje nínú tí ikán kì í fẹ́ fi ẹnu kàn. Ẹ wo àwọn ilé àgbà ìlú wa, títí kan àwọn ilé alájà tí wọ́n kọ́ ní ìlànà àwọn Àgùdà, àwọn tó padà wálé láti Brazil, irú èyí tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Austria, gbé lọ́nà Ìbòkun: a ṣì ń rí ilẹ̀kùn àtijọ́ lára irú ilé bẹ́ẹ̀ tó ti sin ju ìran kan lọ. Ọ̀gànwó wà láàárín. Ó rẹwà, ó rọrùn láti gbẹ́, ó sì dára fún ilẹ̀kùn inú ilé. Arẹ̀rẹ̀ àti afàrà fúyẹ́, owó wọn kò ga, ṣùgbọ́n oúnjẹ ikán ni wọ́n. Bí wọ́n bá fi wọ́n ṣe férémù tí ìdí rẹ̀ kan ilẹ̀, láìkun oògùn ikán sí wọn lára, ẹ múra láti pààrọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

Orúkọ igi nìkan kò sì tó. Igi kan náà ní inú, ó sì ní ẹ̀gbẹ́. Inú rẹ̀ tó dúdú díẹ̀ ló le. Èyí tó funfun, tó wà lábẹ́ èèpo, rọ̀, kòkòrò a sì máa jẹ ẹ́ kódà bó jẹ́ ti ìrókò. Nígbà tí ẹ bá ń ra pákó, ẹ yí orí rẹ̀ sókè kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti gé e. Bí funfun bá gba ìdajì rẹ̀, ìdajì ìrókò lẹ rà.

Ọ̀rọ̀ gbígbẹ ló tún kàn, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ, nítorí òun ló fà á tí ilẹ̀kùn fi ń há ní oṣù Keje tí àlàfo sì ń yọ lára rẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Pákó a máa mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ nígbà òjò, a sì máa tú u sílẹ̀ nígbà ọyẹ́. Bó bá ti mu ún, a fẹ̀ sí i. Bó bá tú u sílẹ̀, a súnkì. Kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn sí i lọ́nà ìlà ara rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà fẹ̀. Nítorí náà ni àwọn àgbà káfíńtà fi máa ń ṣe ilẹ̀kùn onípánẹ́ẹ̀lì: igi tóóró yí i ká bíi férémù, wọ́n á la ojú rẹ̀ nínú, wọ́n á sì ki pákó fífẹ̀ bọ ojú tí wọ́n là náà. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó inú yẹn. Ó ń fi í sílẹ̀ kó lè máa fẹ̀, kó sì máa súnkì láàyè ara rẹ̀. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ pa, ọyẹ́ ọdún kan ti tó láti là á sí méjì.

Pákó tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu ẹ̀rọ ìlagi wá kò tíì ṣeé fi ṣe ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá tò ó síbi tí òjò àti oòrùn kò ti ní pa á, tí ẹ fi igi kéékèèké sí àárín wọn kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá, pákó oníǹṣì 1 a máa gba nǹkan bí ọdún 1 kó tó gbẹ dáadáa, àyàfi bí ilé gbígbóná tí wọ́n ti ń mú pákó gbẹ bá wà nítòsí tó lè mú un yá. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé òun máa tún ilé ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, ìsinsìnyí ni kó ra pákó rẹ̀.

Bí ilẹ̀kùn igi yín bá sì ń há lásìkò òjò yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pléènì fá a púpọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yẹ íńjì rẹ̀ wò, bóyá súkúrù kan ti tú. Bó bá pọn dandan kí wọ́n fá a, ìwọ̀nba ni kó jẹ́, kí wọ́n sì kun ibi tí wọ́n fá padà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ara tí wọ́n fún pọ̀

Àwọn pákó pẹlẹbẹ tí à ń rà ní bọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4 ni ìwọ̀n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n jọra lójú bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn, àmọ́ ìwà wọn yàtọ̀.

Èyí tí wọ́n fi èérún igi ṣe, tí ẹ lè rí hóróhóró nínú rẹ̀ bí ẹ bá wo etí rẹ̀, òun ni owó rẹ̀ kéré jù, òun náà ni omi tètè ń bà jẹ́ jù. MDF jẹ́ lẹ́búlẹ́bú igi. Etí rẹ̀ ń dán, ó ṣeé gbẹ́ ọnà sí, ọ̀dà sì máa ń jókòó sórí rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí omi bá bá a, á wú, kò sì ní súnkì padà bí ó bá gbẹ. HDF jẹ́ lẹ́búlẹ́bú náà, wọ́n kàn fún un le ju ti MDF lọ. Awọ ilẹ̀kùn tí wọ́n tẹ ọnà pánẹ́ẹ̀lì sí lójú, tó fúyẹ́ bí páálí, HDF fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sábà máa ń jẹ́, àti páálí tí wọ́n ká bí afárá oyin nínú rẹ̀. Irú rẹ̀ ni èyí tí mo rà. Bọ́ọ̀dù kan tún wà tí inú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Wọ́n fi àwọ̀ náà sàmì sí i pé ó lè fara da ọ̀rinrin díẹ̀. Ọ̀rinrin ni wọ́n sọ o, wọn kò sọ omi.

Pláìwúùdù yàtọ̀ pátápátá. Igi tí wọ́n bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, wọ́n tò ó léra wọn, ìlà ọ̀kan dábùú ìlà èkejì, nítorí náà kì í tètè tẹ̀, súkúrù sì máa ń dì í mú ṣinṣin. Èyí tí a ń pè ní "marine board" jẹ́ pláìwúùdù tí gọ́ọ̀mù àárín rẹ̀ kì í yọ́ sínú omi. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni lè tẹ orúkọ yẹn sára bọ́ọ̀dù.

Ọ̀nà tí mo fi ń mọ òótọ́ kò ná mi ní nǹkan kan. Mo máa ń bẹ káfíńtà tàbí oníbọ́ọ̀dù pé kó fún mi ní àgékù tó tó àtẹ́lẹwọ́. Màá fi rúlà wọn bó ṣe nípọn tó, màá kọ ọ́ sára rẹ̀, màá sì rì í sínú abọ́ omi di ọjọ́ kejì. Tí ilẹ̀ bá mọ́, màá tún un wọ̀n. Àgékù tó ti 18 mìlímítà dé 22 ti sọ ìtàn ara rẹ̀. Bí ìpele pláìwúùdù bá sì ṣí sílẹ̀ bí ojú ìwé, kì í ṣe ti omi, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí i lára. Oníṣòwò tí kò bá fẹ́ fún yín ní àgékù, ẹ kọjá lọ sí ìsọ̀ kejì.

Ẹ tún béèrè àmì E1 lára bọ́ọ̀dù. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe wọ́n ní èròjà kan tí ń jẹ́ formaldehyde, òun ló ń ta ojú àti ọ̀nà ọ̀fun nígbà tí ẹ bá wọ yàrá tí kọ́bọ́ọ̀dù tuntun wà. E1 túmọ̀ sí pé èyí tó ń tú jáde níbẹ̀ kéré, ti E2 sì pọ̀ jù ú lọ. Ẹni tó ní ọmọ kékeré tàbí ẹni tó ń bá ikọ́ fée jà nílé kò gbọdọ̀ fojú fo èyí. Bó ti wù kó rí, ẹ ṣí fèrèsé yàrá náà sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó sùn síbẹ̀.

Ilẹ̀kùn wo, níbo

Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, tí oòrùn àti òjò ń lù, ògidì igi tàbí irin ló yẹ ẹ́. Yàrá inú ilé kò béèrè tó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ tí kò ní ọnà lójú, tí wọ́n fi pláìwúùdù ṣe, lè sìn yín pẹ́ níbẹ̀. Ẹ kan fi ìka kàn án ko-ko-ko láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó rà á. Bí ó bá dún gbọ̀ngbọ̀n níbi gbogbo àfi àárín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibi kan ṣoṣo yẹn ni igi wà, fún kọ́kọ́rọ́. Ẹ má retí pé ìkọ́ aṣọ máa dúró lára ibòmíràn.

Ní balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ jìnnà sí ohunkóhun tó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú igi lásán. Alumíníọ̀mù wà, rọ́bà wà, WPC náà wà, ìyẹn èyí tí wọ́n po rọ́bà mọ́ lẹ́búlẹ́bú igi tó jẹ́ pé rọ́bà ló ti dí omi lọ́nà. Ẹ jọ̀wọ́, bí ààyè bá wà, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa ṣí síta. Bí àgbàlagbà bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, ara rẹ̀ ni yóò dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó fẹ́ gbà á là.

Ìwọ̀n ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Àbúrò mi obìnrin ń kọ́lé ní Òkè-Baálẹ̀. Wọ́n wá wọn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì jẹ́ kọnkéré lásán, ẹsẹ̀ bàtà 7 sí 3 géérégé. Ó sanwó ilẹ̀kùn irin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá tẹ́ táìsì. Táìsì àti sìmẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ lè gbé ilẹ̀ ga tó íǹṣì 1 ààbọ̀ sí 2, ó sì gbé e ga bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn dé, kò wọlé. Ilẹ̀kùn igi ni ẹ lè gé nídìí. Ta ló ń fi pléènì fá irin? Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé kí n fọ́ táìsì ni àbí kí n fọ́ lẹ́ńtù tó wà lókè ẹnu ọ̀nà?" Táìsì ẹnu ọ̀nà ló padà fọ́, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Nítorí náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ́ ògiri tí wọ́n sì ti tẹ́ ilẹ̀ tán ni kí wọ́n wọn ẹnu ọ̀nà fún ilẹ̀kùn irin tàbí èyíkéyìí tí wọ́n ti ṣe parí láti ilé iṣẹ́. Bí kò bá sí bí ẹ ṣe lè dúró, ẹ fi táìsì kan lélẹ̀ sórí ìwọ̀n sìmẹ́ńtì tí bíríkìlà máa lò, kí ẹ wọn láti orí rẹ̀ lọ sókè. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, èyí tó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìwọ̀n yín. Ẹ tún wọn bí ògiri ṣe nípọn tó. Ògiri búlọ́ọ̀kù oníǹṣì 6 kì í jẹ́ 6 mọ́ tí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ tinú tẹ̀yìn, ti oníǹṣì 9 náà bẹ́ẹ̀. Férémù tí wọ́n bá ṣe ní 6 géérégé á rì sínú, wọ́n á wá máa wá igi tín-ínrín tí wọ́n ó fi bò ó.

Ẹ pinnu ọwọ́ tí ilẹ̀kùn máa ṣí sí kí oníná tó dé. Mo ti wọ yàrá tí ènìyàn ní láti wọlé, kó ti ilẹ̀kùn, kó tó rí ibi tí yóò tẹ iná, nítorí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n gbé e sí. Ní ti íńjì, ilẹ̀kùn ògidì igi béèrè mẹ́ta. Méjì kò tó o.

Ilé ìdáná

Ilé ìdáná wa kì í ṣe ti inú ìwé àwòrán. A ń ro àmàlà níbẹ̀, a ń din ẹja, a ń se ẹ̀wà fún wákàtí mélòó kan, epo pupa ń ta sí ara ògiri. Kọ́bọ́ọ̀dù tí kò bá lè fara da oru, epo àti omi ìnulẹ̀ kò yẹ wá.

Ohun tí mo ṣe nígbà kejì ni mo máa sọ. Ara rẹ̀ jẹ́ marine board oníǹṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìyẹn 18 mìlímítà, tí mo ti fi omi dán wò. Aṣọ rẹ̀ jẹ́ fọ́míkà. Gbogbo etí ni wọ́n fi tépù rọ́bà bò, títí kan èyí tó kọjú sí ògiri tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè rí. Káfíńtà kọ́kọ́ ní kò pọn dandan. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì san owó tépù tó lé. Ihò tí páìpù síǹkì gbà kọjá náà, wọ́n fi sílíkónì dí i, torí pé ihò náà etí ni.

Kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó sórí ilẹ̀. Ẹsẹ̀ rọ́bà oníǹṣì 4 wà tí wọ́n ń dè mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n á wá fi pákó tóóró bo iwájú ẹsẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n bá ń nulẹ̀ tàbí tí páìpù bá jò, omi á gba abẹ́ kọjá. Ilẹ̀kùn tèmi ìjọ́sí, omi ìnulẹ̀ ló pa á, òjò kàn parí iṣẹ́ ni.

Gíga káńtà tí àwọn káfíńtà mọ̀ ni íǹṣì 36. Kì í ṣe òfin. Ẹ pe ẹni tó ń dáná jù nílé, kó dúró, kó ká apá rẹ̀ níbi ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ wọn láti ilẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ náà, kí ẹ sì yọ íǹṣì 4 sí 6 kúrò. Ìyá wa kúrú, 33 ni tiwọn jẹ́, èjìká kò sì ro wọ́n mọ́ láti ọjọ́ tí a ti sọ ọ́ kalẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ro àmàlà tiẹ̀ yẹ kó tún lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí i, nítorí agbára èjìká ni iṣẹ́ yẹn ń gbà. Odó kò ní ibùjókòó lórí káńtà rárá, ẹ wá ilẹ̀ fún un.

Ẹ fi àlàfo tó fẹ̀ sí àárín iná ìdáná àti kọ́bọ́ọ̀dù òkè, íǹṣì 30 ló tẹ́ mi lọ́rùn. Sílíńdà gáàsì, ìta ni kó wà, kí páìpù rẹ̀ gba ara ògiri wọlé. Kó máa wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó há, níbi tí gáàsì tó bá jò á ti kó jọ, ewu ńlá ni.

Aṣọ

Fún ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi iná lẹ̀ mọ́ MDF rẹwà lọ́jọ́ kìíní, ó sì máa ń ní ọnà lójú. Àmọ́ iná ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, iná ló sì máa ṣí i. Mi ò lè gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná. Ọ̀dà tí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ́n, bíi ti ọkọ̀, ń dán gan-an. Ó ṣeé tún kùn bó bá họ, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè họ. Acrylic, ìyẹn irú rọ́bà líle kan, ń dán bí dígí, owó rẹ̀ sì ga. Fọ́míkà kò fi bẹ́ẹ̀ dán, síbẹ̀ òun ló ń fara da ìkòkò, ọ̀bẹ àti kànrìnkàn. Ní ti àwọ̀ funfun tó ń dán, ẹ rántí eruku ọyẹ́ àti epo pupa kí ẹ tó yàn án. Bí ẹni tí yóò máa nù ún bá wà, ó rẹwà lóòótọ́.

Fún ògidì igi, fánííṣì tàbí ọ̀dà olóròóró ni, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi sáńpépà ha á dáadáa tí wọ́n sì ti kun ọ̀dà ìpìlẹ̀. Fún ògiri, bí ọ̀dà bá ṣe ń dán tó ló ṣe ń rọrùn láti nù tó, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ń tú àṣírí ògiri tí kò tẹ́jú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dà sátínì, tó ń dán díẹ̀, fi bá pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ mu, tí ẹ́mọ́ṣọ̀n tí kò dán sì bá òrùlé inú ilé mu. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ nílò nǹkan bí ọjọ́ 28 kó tó gba ọ̀dà. Bí ọ̀dà bá sì ń bó nísàlẹ̀ ògiri lọ́dọọdún, kì í ṣe ọ̀dà ló burú, omi ló ń gun ògiri láti ilẹ̀. Ẹ tún ibi tí omi ti ń wọlé ṣe kí ẹ tó ra gálọ́ọ̀nù mìíràn.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀dà àtijọ́. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà olóròóró ayé ìgbà kan, eruku rẹ̀ a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Bí ẹ bá máa ha á kúrò, ẹ fi omi rin ín, ẹ bo imú, kí àwọn ọmọ má sì sí nítòsí. Eruku ìrókò fúnra rẹ̀ tún máa ń mú kí ara yún ni, kí imú sì máa dà.

Ilẹ̀kùn àtijọ́ ń kọ́?

Èyí ló wà lọ́kàn mi jù. Nígbà tí a ń tún ilé náà ṣe lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ènìyàn ló ní kí a yọ ilẹ̀kùn bàbá kí a fi tuntun síbẹ̀. Mo rí i káàkiri Òṣogbo: wọ́n ń yọ ìrókò àádọ́ta ọdún sínú ọkọ̀ ìkólẹ̀, wọ́n ń fi páálí tó ní awọ igi rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì ń sanwó lé e. Igi tó ti gbẹ fún àádọ́ta ọdún, tí ikán ti dán wò tí kò rí jẹ, ẹ ò lè rí irú rẹ̀ rà lọ́jà mọ́. Bí ojú rẹ̀ bá ti ṣú, ẹ jẹ́ kí wọ́n ha á. Bí ihò kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ bá tóbi jù, ẹ ní kí wọ́n fi ègé ìrókò dí i, kí wọ́n gbẹ́ ihò tuntun. Bí ó bá kúrú fún ẹnu ọ̀nà tuntun, káfíńtà lè fi igi kún ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Mo pe bàbá káfíńtà kan tó ti dàgbà. Ó wo ilẹ̀kùn náà pẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ní kí o yọ èyí?" Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, a ò tíì yọ ọ́." Òun àti ọmọọṣẹ́ rẹ̀ tú u kúrò lára íńjì, wọ́n gbé e dùbúlẹ̀ sórí àga méjì ní àgbàlá. Ó fi àtàǹpàkò kan ìdí rẹ̀, ní etí ìsàlẹ̀ tó ń kọjú sílẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kọ́, ó sì ní kí n wá wò ó. Ọ̀dà wà níbẹ̀. Ìpele mẹ́ta, pupa lábẹ́, àwọ̀ ewé láàárín, funfun lórí, ó mọ́ kedere bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún.